Àmì Ìbéèrè Tí Ìyá Àgbà Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Fà

Fóònù mi dún lórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló kọ̀wé sí mi. Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà, àmì ìbéèrè mẹ́ta péré ló tò síbẹ̀, nítorí pé láti àná ni mi ò tí ì fún un lésì. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ara mi ò ti balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní Òdòde ni ohun tó rán mi létí ti ṣẹlẹ̀, lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè, ó kù díẹ̀ kó pé àádọ́ta ọdún báyìí. Èmi ni mò ń bá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, kọ lẹ́tà. Yóò jókòó sórí àpótí níwájú kòkó tí a sá, yóò máa sọ ọ́ ní èdè Ìdànrè, èmi a máa yí i sí Yorùbá ilé ìwé. Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò màmá mi, là ń kọ ọ́ sí. Ó ti bá òṣìṣẹ́ oko kòkó kan lọ sí ìlú rẹ̀, lọ́nà jíjìn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Ìyá Àgbà ní kó má fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá òun mọ́. Ó ti kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ọmọ tó bí. Nítorí náà, kìkì ìkíni ló ń kún inú lẹ́tà wa: ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, òjò ti dé, ewúrẹ́ ti bí ìbejì. Mẹ́ta la kọ, èsì kan kò wá.

Lọ́sẹ̀ kan, tíṣà kọ́ wa ní àmì ìbéèrè. Nínú lẹ́tà kẹrin, mo kọ ọ́ láìgbàṣẹ pé, "Ṣé ara rẹ le?" mo sì fi àmì náà sí ìdí rẹ̀. Ìyá Àgbà nàka sí i, ó ní kí ni èyí tó tẹ̀ bí irin orí ọ̀pá tí a fi ń já kòkó.

"Àmì ìbéèrè ni, Ìyá Àgbà. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ dáhùn."

"Ẹni tó bá ń bínú ńkọ́?"

"Òun náà."

Ó tún nàka sí àmì róbótó tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Èyí tó wà nísàlẹ̀ ìkọ́ yìí ńkọ́? Kòkó tó já bọ́ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ló bá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ìyá tí kò mú bírò rí láyé rẹ̀ fa ìkọ́ ńlá kan sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó wọ́ bí ejò tó ti rẹ̀. Nígbà tó kan kòkó, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ títí bírò fi lu ìwé já.

Láti ọjọ́ tí a ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ò gbélé. Bí a bá ti jáde nílé ìwé, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́, títí akọ̀wé ibẹ̀ fi sọ mí ní Ìyàwó Lẹ́tà. Ìyá Àgbà náà kò lè jókòó. Yóò ro kòkó tí a sá, yóò tún un rò, yóò wo ọ̀nà, yóò wá wo èmi. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá mo ti purọ́ fún àgbà.

Òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kí èsì tó dé. Ìlà kan ààbọ̀ ni: "Ta ló fa èyí tó lu ìwé já yẹn? Bó bá ṣe ìyá mi ni, mò ń bọ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Àgbà kò sunkún. Ó ní kí n fi ìka òun lé ibi tí àmì ìbéèrè wà. Lẹ́yìn náà ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá àgbàlá tí a ti gbá láàárọ̀, ó gbá a títí dé ojú ọ̀nà tí Àǹtí gbà wọlé lọ́sẹ̀ kejì, tòun tọmọ lẹ́yìn.

Lóde òní, èsì ń yára ju ẹyẹ lọ, kò sẹ́ni tó ń dúró de akọ̀wé kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi àmì yẹn ránṣẹ́, ọ̀nà ló ṣì ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá ọmọ yìí lóhùn ná.