Jíìpù Tó Yẹ Baálé

Kí n tó lọ ra jíìpù ni mo ti mọ irú èyí tí mo fẹ́: kékeré, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, tí ó ga tó láti la gálọ́ọ̀pù kọjá, tí kò sì ga jù fún orúnkún àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ọmọ ìyá mi, ń gbé ní ilé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbéra láti Ọ̀yọ́ lọ jókòó tì í. Nítorí ìyẹn nìkan ni mo ṣe fẹ́ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ni baálé agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí baálé dá ọkọ̀ yàn. Àwọn àbúrò mi méjì nínú agboolé tẹ̀lé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á.

“Bàbá, ṣé èyí lẹ máa gbé lọ ìwúyè?” ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn wí.

“Ìyẹn kì í ṣe jíìpù,” ni èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ọmọ jíìpù ni. Ìyá rẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún yẹn.”

Ìyá náà dúdú, ó gbórín, púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní. Mo bi ẹni tó ń tà á léèrè bí ó ṣe ń mu epo sí. Ó ní ká wọlé. Ó wà á lọ sójú ọ̀nà Ìbàdàn tó tẹ́jú, ní òwúrọ̀ tútù, láì tan ẹ̀rọ amúlétutù, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí nọ́ńbà tó ń sọ iye epo tí ọkọ̀ mu, tó wà níwájú rẹ̀.

“Ẹ wò ó, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́, èmi kọ́.”

Mo rà á. Ẹ̀rọ náà kò purọ́. Ọ̀nà tí ó ń ròyìn ni kì í ṣe ọ̀nà tí mò ń tọ̀. Tírélà tó ń fà lórí òkè ni èmi ń tẹ̀ lé. Mo ń wọ gálọ́ọ̀pù, mo ń jáde. Mo ń dúró láàrin kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ní Takie nínú oòrùn ọ̀sán, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì rìn. Níbẹ̀ ni jíìpù yẹn ti ń mu epo bí aláàwẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu.

Epo di ọ̀wọ́n gógó. Lílọ mi sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tó bá ní kí olóyè gun ẹṣin a máa bá a pa koríko. Àwọn àbúrò mi kò bá mi dé ilé epo rí. Fọ́tò ni wọ́n ń yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Nígbà tí mo sì ní kí n wọ mọ́tò èrò lọ, wọ́n figbe ta.

“Èèwọ̀! Baálé wa nínú mọ́tò èrò? Ẹ fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. “Wọ́n ní o ra ọkọ̀ ńlá. O kú oríire. Ó jọ pé ó ti tóbi ju ọ̀nà ilé mi lọ.”

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jáde láì dágbére fún ẹnikẹ́ni, mo sì fún ara mi mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò èrò. Orí àga níta ilé rẹ̀ ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi, tó dẹ etí sílẹ̀.

“Ta nìyẹn? N kò gbọ́ ìró ọkọ̀.”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìjókòó. Mọ́tò èrò ni mo wọ̀.”

“Mọ́tò èrò kẹ̀? Jíìpù ńkọ́?”

“Ó wà nílé. Àwọn tó yàn án ń wò ó.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Nígbà tí mo padà wọ agboolé pẹ̀lú eruku lára agbádá, àwọn àbúrò mi wà lójúde. Kò sẹ́ni tó kí mi kú àbọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, mo tún lọ.