Àga Tí Ìyálé Ìyá Mi Tọ́jú

Mo ń fi àdín nu ẹsẹ̀ àga mi láàárọ̀ yìí nígbà tí òórùn rẹ̀ mú mi rántí ìyálé ìyá mi ní Ìlọrà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò da gbogbo àga pálọ̀ bàbá mi dojú dé, yóò fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, kó tó fi àdín díẹ̀ pa wọ́n lára. Ihò tí kòkòrò bá lu, àbẹ́là yíyọ́ ló fi ń dí i. Bí mo bá nu orí àga nìkan, á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú nìkan lo máa ń bọ́ tí o bá ń wẹ̀? Nu abẹ́ rẹ̀!”

Kò bímọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, bàbá mi kú, ẹbí sì péjọ láti pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó tí kò bímọ kò ní ìpín. Ìyálé kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń pín ẹrù náà.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ àga kan, èyí tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó kán.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ọmọ wo lo fẹ́ gbà á fún?”

Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Ìyálé dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara àga náà, ó sì lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Àwa ni wọ́n gbé àga náà fún. Mo wo ojú ìyá mi, mo rò pé yóò ní kí n gbé e fún ìyálé rẹ̀. Ó tì mí léjìká.

“Tètè jókòó lé e, kí wọ́n tó yí ohùn padà.”