Ojú Bàbá Lára Ògiri Adjamé

Ọdún mọ́kànlá ni Ràyhánà fi kọ pátákó ní Roxy, ọjà kan ní àdúgbò Adjamé ní Abidjan. Onídìrí, onífóònù, àwọn tó ń ta oúnjẹ, gbogbo wọn ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí wọ́n ya orí obìnrin tó di irun tuntun sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n ń wá. Ìgbòho ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Anyama, ìlú obì tó wà nítòsí Abidjan, ni wọ́n bí i sí, ilé-ìwé Faransé ló sì lọ. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Oníṣòwò obì ni bàbá rẹ̀, Àlàájì Abdul-Ganiyu. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Mali kì í kúrò ní Anyama kí Àlàájì tó yẹ agbọ̀n obì inú rẹ̀ wò. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni. Kì í yọjú sí ẹnu ọ̀nà láìwọ jalamíà tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn oníbàárà, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kan ó bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó ní àjèjì obìnrin kan wọ yàrá òun.

Àlàmín, ẹ̀gbọ́n Ràyhánà, ló gba òwò náà. Ó ní kí wọ́n máa sọ fún àlejò pé ẹsẹ̀ ló ń dun Bàbá.

"Bàbá wa ò ní di ìran àpéwò," ló wí.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Ràyhánà ń wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, láti Adjamé lọ sí Anyama, kó lè jókòó ti bàbá rẹ̀, kí ìyá wọn sì sinmi díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá bàbá rẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìnkùlé. Bùbá ìyàwó rẹ̀ ló wọ̀, ó tún wọ̀ ọ́ sódì, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Agbọ̀n òfìfo kan wà níwájú rẹ̀, ó sì ń ṣa obì tí kò sí níbẹ̀. Ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún, ó ń ya èyí tó dára sápá kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe kankan. Ràyhánà mú ìwé àti pẹ́ńsù jáde nínú báàgì, ó sì yà á.

Kader tó ń ta ọ̀dà ní Roxy ló sọ fún un nípa ìdíje àwòrán tí ilé àṣà kan gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán yà.

"Pátákó nìkan kọ́ ni wọ́n bí ẹ fún," Kader wí. "Fi nǹkan ránṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ya bàbá rẹ̀ sórí aṣọ ńlá tí wọ́n nà sórí igi. Kò sọ fún ẹnì kankan nílé. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ pé wọ́n máa ní kí òun má ṣe é, ìdí nìyẹn tí òun kò fi bèèrè.

Òun ló gba ipò kìíní. Wọ́n fún un ní iyàrá iṣẹ́ fún ọdún kan ní Bingerville, wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó rò pé gbọ̀ngàn kan ní Plateau ni àwòrán náà máa wà, níbi tí ará Anyama kankan kò ní dé. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí ìwé tó gbà wọ́n láyè láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, bàbá rẹ̀ ti wà lára ògiri káàkiri Adjamé, títí dé ibùdókọ̀ tí àwọn tó ń lọ sí Anyama ti ń wọkọ̀.

Àlàmín wá bá a ní Roxy. Ó ti ya ọ̀kan nínú àwọn bébà tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí kúrò lára ògiri, ó ká a mọ́ abíyá.

"Ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O wọ aṣọ obìnrin fún bàbá wa, o wá gbé wọn síta fún gbogbo Abidjan."

"Èmi kọ́ ni mo wọ̀ ọ́ fún wọn. Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn."

"O bá wọn bẹ́ẹ̀, o ò pààrọ̀ aṣọ wọn. Ìwé lo mú jáde."

Òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá wọn mú Bàbá wá sọ́dọ̀ dókítà ní Adjamé, Ràyhánà sì lọ pàdé wọn níbi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Bàbá ti dúró síwájú ògiri. Ó ń wo àwòrán náà, ó súnmọ́ ọn, ó tún sún sẹ́yìn.

"Ta ni bàbá yìí?" ó bi ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kò bímọ ni? Ẹ bá mi wá nǹkan bò ó."

Kò dúró de èsì. Ó ṣí fìlà orí ara rẹ̀, ó sì ń fi í bo àyà ọkùnrin inú bébà náà. Bó bá ti jábọ́, á bẹ̀rẹ̀ á he é, á tún gbé e síbẹ̀. Ìyá wọn bú sẹ́kún. Ràyhánà fi èékánná ya bébà náà sílẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lẹ́nu ìka rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá mìíràn ṣì wà lára ògiri yẹn títí dé òpópónà.

Ó lọ bẹ àwọn tó gbé ìdíje náà kalẹ̀ pé kí wọ́n ṣí àwọn bébà náà kúrò, kí wọ́n sì dá àwòrán náà padà fún òun. Obìnrin tó dá a lóhùn káàánú rẹ̀ gidigidi, ó gbé omi fún un, ó sì ní ìwé tí Ràyhánà fọwọ́ sí ti dé ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹnì kan sì ti ra àwòrán náà.

Òjò oṣù kẹfà ló ń rọ̀ nígbà tí Àlàájì Abdul-Ganiyu kú. Àárọ̀ ló kú, wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni ìyá Ràyhánà pè é lórí fóònù.

"A ti sin wọ́n," ó wí. "Àlàmín ní kí n má pè ọ́."

Ràyhánà lọ sí Anyama lọ́jọ́ kejì. Àlàmín wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò lé e, kò sì kí i, ó kàn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè ráyè kọjá. Láàárín àwọn oníṣòwò obì tó wá kí wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló bá a sọ̀rọ̀, bàbá arúgbó kan láti Ṣakí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi," ó wí. "Ì bá sàn ká má rí i."

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Ràyhánà kò kọ pátákó mọ́. Àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá ra àwòrán rẹ̀, ó sì ti rí gbogbo ohun tó ń tọrọ nígbà tó wà ní Roxy. Lóṣooṣù ni ìyá rẹ̀ ń wá sí Bingerville, níbi tí Ràyhánà ti wá háyà ilé tirẹ̀. Á kẹ̀yìn sí àwọn àwòrán, á jẹun, á bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, á sì padà lọ. Àlàmín kò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ó kọ̀wé sí ẹni tó ra àwòrán náà pé òun fẹ́ rà á padà. Ọkùnrin náà fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé iyàrá ìjẹun ni òun gbé e kọ́ sí, pé àwọn àlejò òun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, òun kò ní tà á. Ní ìparí ìwé náà, ó bèèrè orúkọ bàbá arúgbó náà, kí òun lè máa dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Ràyhánà kò dá a lóhùn.