Khalidat Láàrin Àwọn Apá-Kì-í-Rẹ̀

Òkun ló lé Khalidat kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ilé-ìwé abúlé wọn, ní ìhà Etíkan, ni omi kọ́kọ́ gbé lọ. Ìgbì wó ògiri kan lọ́dún kan, ó padà wá kó ìyókù lọ́dún kejì. Àwọn tíṣà kó ẹrù wọn, wọn kò padà mọ́. Jùbrílù, bàbá rẹ̀, apẹja ni. Ó ń ṣí ilé tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí ẹ̀yìn mọ́ tí èèyàn lè ṣí ilé sí. Nígbà náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Khalidat, lọ bá àǹtí rẹ ní Ùgbòńlá. Kàwé rẹ parí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Èmi wà níbí. Ta ni yóò máa ṣọ́ sàréè ìyá rẹ?"

Kí ọdún náà tó parí, omi gbé sàréè náà lọ. Bàbá rẹ̀ kò lè ránṣẹ́ sí i. Ẹnu oníbàárà kan tó wá ra ẹja lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀ ni Khalidat ti gbọ́ ọ, ó sì ń bá a di ẹja náà sínú àpò lọ bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Fàsílátù, àǹtí náà tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹja ló ń yan tó ń tà, ó ń kírun ní àkókò, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fún Khalidat ní ẹní àti igun kan nínú yàrá. Ní ilé-ìwé tuntun, Òkun-lé-e ni wọ́n ń pè é. Kò bá wọn jà. Bí wọ́n bá ti jáde, yóò gba orí afárá pákó lọ sí ìpẹ̀kun ìlú, yóò jókòó, yóò máa wo omi tí kò fẹ́ràn mọ́.

Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Ọkọ̀ àjẹ̀ gígùn kan yọ láti ojú odò, àwọn ọ̀dọ́ jókòó sínú rẹ̀ ní méjìméjì, gbogbo àjẹ̀ ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní ìdí ọkọ̀ tó ń darí wọn. Òógùn bò wọ́n, ètè wọn ti gbẹ, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjá lọ. Khalidat jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀ tí wọ́n fi padà dé, bí wọ́n sì ṣe ń wa ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ náà ni wọ́n ṣe ń wà á bọ̀.

Ọmọbìnrin tó wà níwájú ọkọ̀ ló bá a sọ̀rọ̀. "Ìwọ tó ń wò wá yìí, ṣé o mọ ọkọ̀ wà?"

"Ta ni kò mọ ọkọ̀ wà?"

"Mi ò sọ ti ọkọ̀ ká lọ ra iyọ̀. Láti ibí dé Igbókòdá, kí o sì padà láì gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ṣé o lè ṣe é?"

Khalidat kò mọ̀. Ó ní òun lè ṣe é.

Beauty lorúkọ ọmọbìnrin náà. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Apá-Kì-í-Rẹ̀ lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Olówòkéré, ọkùnrin tó ń darí ọkọ̀, ló dá a sílẹ̀ nígbà tí èjìká rẹ̀ bàjẹ́ tí kò lè fa àwọ̀n mọ́. Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Lọ́dọọdún, àwọn ìlú etí omi máa ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ díje lọ́nà jíjìn, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Ẹgbẹ́ Kóòṣì kò tíì gba ipò kìíní rí.

Kóòṣì kò fún Khalidat ní àjẹ̀. Abọ́ rọ́bà ló fún un, pé kó máa gbọ́n omi inú ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, láàrin ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ sí tó ń gbọ́n omi.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà gba àjẹ̀."

"Bí apá bá wá ń dùn ọ́ ńkọ́?"

"Màá mú un mọ́ra, sà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Nígbà náà, máa gbọ́n omi rẹ lọ. Ẹni tó ń fi ìrora pamọ́ ló ń da ọkọ̀ dé. Bí apá bá dùn ọ́, pariwo. Àwa yòókù á wà ọ́ dé ilé."

Nígbà tó gba àjẹ̀ níkẹyìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. Púpurú, òkèlè tí wọ́n ń jẹ lálẹ́, di ohun tí kò lè fi ọwọ́ bù. Àǹtí rẹ̀ rí i, ó gba ọwọ́ náà, ó yí i padà.

"Ṣé ìwé ló ń bó ọwọ́ báyìí níbi tí ẹ ti ń kà á?"

Khalidat sọ òtítọ́ fún un. Fàsílátù dìde, ó mú ìgò àdí wá, ó fi pa á lọ́wọ́.

Láti ìgbà tó ti wà láàrin àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ni Khalidat ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa lóru. Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan dé, kò fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé Beauty, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kì í gbé ike omi rẹ̀ wá mọ́.

"Kí ló dé tí o ò mumi?"

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," ni Beauty wí. Ètè rẹ̀ ti là.

Ní àkókò òjò ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Beauty lọ sí Igbókòdá lọ ra nǹkan fún ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì akérò ló wọ̀ bọ̀. Ọkọ̀ náà kún ju bó ṣe yẹ lọ, awakọ̀ ń sáré kí òjò tó dé, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó kọ lu ìtì igi kan tó rì sínú omi, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí kó àwọn tí wọ́n rí. Nígbà tí òjò wá tú dà sílẹ̀, gbogbo wọn yí orí ọkọ̀ padà sílé. Beauty kò sí lára àwọn tí wọ́n kó.

Kóòṣì kò bá àwọn tó padà ṣàròyé. "Ẹ wọ ọkọ̀," ló wí fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Khalidat jókòó síwájú, ní àyè Beauty, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Godspower, tó lágbára jù nínú wọn, ń sunkún bó ṣe ń wa ọkọ̀. Orúkọ Beauty ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń ké. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Ilẹ̀ ṣú bá wọn ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, abúlé etí omi kan, àwọn ará ibẹ̀ fún wọn ní aṣọ gbígbẹ àti ibi tí wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún jáde. Wọ́n rí òkú ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀, wọ́n gbé e fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n rí Beauty láàrin gbòǹgbò igi etí omi. Khalidat ló kọ́kọ́ rí i. Ó na àjẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí omi pa kì í wọ ìlú, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ iyanrìn nígbà tí Khalidat bọ́ sí àárín wọn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì ni o.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sin ín síbẹ̀. Òkun á gbé e. Ó gbé ìyá mi."

"Ta ní ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọmọ yìí?" Àgbà kan ló bínú.

Ṣùgbọ́n ìyá Beauty gbé orí sókè. "Ẹ gbé e lọ síbi tí ilẹ̀ ti le," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí omi pa á lẹ́ẹ̀mejì."

Àríyànjiyàn pọ̀. Níkẹyìn, àwọn àgbà gbà pé kí wọ́n gbé e lọ sí igbó kan lẹ́yìn Igbókòdá, bí ọkọ̀ bá wà tó máa gbé e. Kò sí. Kò sí ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó fẹ́ gbé òkú omi.

Apá-Kì-í-Rẹ̀ ló gbé e. Wọ́n gbé pósí sí àárín ọkọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà Igbókòdá tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ gbà látọjọ́ yìí. Wọn kò tíì sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá a, omi sì ń ṣàn bọ̀ lòdì sí wọn. Ní ìdajì ọ̀nà, apá Khalidat kú.

"Ó ń dùn mí o!" Ó pariwo rẹ̀.

"A ti gbọ́," ni Kóòṣì dáhùn. "Ẹ wà á fún un."

Wọ́n wà á fún un títí ẹ̀jẹ̀ fi padà sí apá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Godspower náà pariwo, wọ́n wà á fún òun náà. Wọ́n sin Beauty sínú ilẹ̀ pupa. Ìyá rẹ̀ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wo Kóòṣì, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ kó má bẹ̀rù omi."

Lẹ́yìn náà, Khalidat lọ kí obìnrin náà. Ó bá a nídìí ẹja tó ń yan, ó sì rí i pé àjẹ̀ Beauty ló fi ń dáná. Orí àjẹ̀ náà ti di ẹyín iná. Khalidat jókòó tì í, ó ń bá a yí ẹja padà títí gbogbo rẹ̀ fi jinná.

Apá-Kì-í-Rẹ̀ kò bá àwọn ìlú yòókù díje lọ́dún yẹn. Àwọn òbí kan fa ọmọ wọn yọ, Godspower sì lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, ní ìlú òkè. Khalidat yege ìdánwò àṣejáde rẹ̀. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ tíṣà ló wà báyìí, ní ìlú tí kò ní odò rárá. Nígbà ìsinmi, ó máa ń padà sí Ùgbòńlá. Èjìká Kóòṣì ti kọ̀ pátápátá, kò lè wọ ọkọ̀ mọ́, orí afárá ló ti ń pàṣẹ. Àwọn awakọ̀ tó kù kò kún ọkọ̀ mọ́. Lásìkò ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé wá dúró níwájú Khalidat, ó ní òun fẹ́ bá wọn wa ọkọ̀.

"Ṣé ìyá rẹ mọ̀?" ni Khalidat bi í.

"Rárá o, àǹtí."

"Lọ sọ fún un kí o tó padà wá."

Ọmọbìnrin náà lọ. Títí ìsinmi fi parí, kò padà wá.