Ọgbà Pákó Tó Yí Igi Ká

Tí mo bá pe igi kan ní orogún mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni ọkọ mi ń ṣe. Ó ń gbin òdòdó sílé onílé, ó ń gé ẹ̀ka tó bá yọ jù, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Baba Onígi. Ṣùgbọ́n igi ńlá tó wà lórí ilẹ̀ òfìfo ẹ̀yìn ilé wa yàtọ̀ lójú rẹ̀. Á kọ́kọ́ lọ kí i láàárọ̀ kó tó rántí pé òun níyàwó. Ẹyẹ ẹ̀gà kọ́lé sórí rẹ̀ lọ súà, àdán ń sùn lábẹ́ ewé rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ sì kún ibi tútù tó wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà, àwọn ará àdúgbò fárígá. Ìjọba sì ní tí wọn ò bá gbà, ilé ò ní dúró níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ wa ló dàgbà sí, abẹ́ òrùlé wa ló wà tó fi kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ọkọ mi kékeré ni mo sì ń pè é. Òun ló wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, pé àwọn ò ní fọwọ́ kan igi náà àti ibi tútù ìdí rẹ̀. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Ta ni ì bá tún gbà gbọ́? Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró, títí wọ́n fi gbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí ọkọ̀ ẹlẹ́rù má bàa tẹ gbòǹgbò igi náà pa, ó ní kí wọ́n fi pákó ṣọgbà yí i ká, kó fẹ̀ dé ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé. Òun fúnra rẹ̀ bá wọn kàn án. Ọgbà náà ga ju èèyàn lọ. Àbúrò rẹ̀ wá fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa máa wọlé lọ tọ̀ síbẹ̀. Inú ọkọ mi dùn, ó ní ọmọ náà gbẹ̀kọ́.

Nígbà tó yá, ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọkọ mi ní òùngbẹ ni. Ló bá ń fa rọ́bà omi láti ilé wa, ó ń ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ pákó, àbúrò rẹ̀ á sì bá a dì í mú. Tó bá ní kó ṣílẹ̀kùn, á ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́fíìsì. Ẹ̀gà kó lọ, àdán náà wábi gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá wò ó, ó ní igi ti kú, kí wọ́n gé e kó má wó lu èèyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n tú pákó la rí i. Ilẹ̀ inú ọgbà ti funfun, ó le bí ilẹ̀ pálọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì gbẹ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, wọ́n ń da omi símẹ́ńtì sórí gbòǹgbò. Ọgbà tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni wọ́n sá sí lẹ́yìn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Àbúrò rẹ̀ ò jiyàn. Ó ní àwọn ọ̀gá fẹ́ kọ́lé sójú ibẹ̀, wọ́n ní tí igi ò bá kúrò, òun ló máa kúrò. Ó ní òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun á gbà pé ogbó ló pa á. Mo bú u, mo tún un bú. Ọkọ mi ò pariwo ní tiẹ̀.

"O rí mi tí mò ń bomi rin ín," ló wí. "O tún bá mi di rọ́bà mú."

Ó ní kó bá òun lọ sípàdé àdúgbò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ní òun ń bọ̀.

Ọkọ mi nìkan ló dìde nípàdé, ó ṣàlàyé títí. Àwọn kan ní àtòun àtàbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ dìtẹ̀ náà, mo sì fún wọn lésì tó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi náà, òun ló gbà kẹ́yìn nígbà tí ọkọ mi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìyẹn ò tilẹ̀ bínú.

"Mi ò gba ilé-iṣẹ́ yẹn gbọ́ rí," ló wí. "Ìwọ ni mo gbà gbọ́."

Ọkọ mi jókòó. Ó ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà, bóyá àbúrò rẹ̀ á wọlé.