Ọ̀pá Dúdú Tí Mo Yàn fún Bàbá Mi

Ọ̀pá ìwọ̀ bàbá mi ṣẹ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀, èmi náà sì fẹnu ara mi sọ pé n ó ra òmíràn fún un. Ká ní mo dákẹ́ ni, ì bá gé ọparun mìíràn lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí ní Òkìtìpupa, gbogbo ohun tí mo bá rí ni mo fẹ́ tún ṣe.

Ìkọ̀yà ni bàbá ń gbé. Láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ ọ̀pẹ gígùn sílẹ̀, odò nìkan ló kù fún un. Ó máa ń sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn kiri. Àárọ̀ ló máa ń lọ, ọ̀sán ló máa ń bọ̀. Ọ̀nà odò há, igbó sì sún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ó máa ń gbé ọ̀pá rẹ̀ nàró, bí ẹni tó gbé àgbélébùú ṣáájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí okùn má baà kọ́ igi.

Wáyà iná kọjá lókè ọ̀nà náà. Òpó kan ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wáyà sì sọ̀ kalẹ̀ débi pé àwọn ará ilé tó wà nítòsí máa ń fi igi gbé aṣọ sá lé e. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé lọ́dọ̀ wa lè rò pé orí wa kò pé. Iná ti lọ lágbègbè wa láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì kò mọ̀ ọ́n rí. Lójú tiwa, okùn ìsáṣọ ni.

Ọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ kan tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ ní ọjà Òkìtìpupa ni mo lọ bá. Mo ní mo fẹ́ ọ̀pá kan tó lè mú ẹpiyà kékeré, tó sì lè fa àrọ̀ ńlá, nítorí bàbá mi kò lè máa gbé ọ̀pá méjì lọ sódò. Ó to mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má wo àwọ̀. Kí n di ìdí rẹ̀ mú, kí n mi orí rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá dúró tí orí rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, kí n jù ú sílẹ̀. Ó ní kí n fìka tọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀ wò bóyá ó sán. Ó wá so omi inú ọ̀rá kan mọ́ orí rẹ̀, ó gbé e sókè. "Bó bá jẹ́ ẹpiyà, orí nìkan ni kó tẹ̀. Bó bá jẹ́ àrọ̀, kó tẹ̀ dé àárín, kí ìdí rẹ̀ dúró gbọin."

Méjì funfun wúwo, wọn yóò rẹ apá àgbàlagbà. Ẹ̀kẹta dúdú, kábọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, ó fúyẹ́, ó sì gùn jù wọ́n lọ. Òun ni mo mú.

"Ẹ yàn dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé iná. Ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n má gbé e nàró kọjá lábẹ́ wáyà. Kí wọ́n ti àwọn oríkèé rẹ̀ wọnú ara wọn kó kúrú ná."

"Iná wo?" ni mo bi í. Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ.

Nígbà tí bàbá fa ọ̀pá náà gùn ní ojúde, ó ga ju òrùlé lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún mì í wò. "Ọma mi, o mọ nǹkan yàn." Ìkìlọ̀ náà wá sórí ahọ́n mi. Ojú tì mí láti máa sọ̀rọ̀ iná fún àgbàlagbà ní Ìkọ̀yà, mo bá gbé e mì.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ iná fi dé pẹ̀lú àkàsọ̀. Wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iná ń bọ̀, a ṣe àmín, bí a ti ń ṣe é láti ọdún wọ̀nyí. Wọ́n ní kí a yé sá aṣọ sórí wáyà. Aṣọ kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì padà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún òpó tó fì náà ṣe. N kò rí wọn mọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan, fáànù tó wà lókè ilé mi ní Òkìtìpupa bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Eruku rẹ̀ bọ́ sórí oúnjẹ mi. Ìta ń hó, èmi náà pàtẹ́wọ́, mo dìde láti ki fóònù mi bọ iná. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀pá náà. Mo pe bàbá. Fóònù rẹ̀ ti kú, kò rí iná gbà sí i.

Mo gun ọ̀kadà. Gbogbo ilé tí a ń kọjá ló ń yọ̀, orin ń dún, àwọn èèyàn ń tan gílóòbù lọ́sàn-án gangan. Wáyà ni mò ń wò. Ọkọ̀ kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń lọ sí Òkìtìpupa, n kò mọ̀ pé bàbá mi ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn èèyàn pé jọ lẹ́nu ọ̀nà odò. Wọ́n ní ó ń bọ̀ láti odò ni iná gbé e. Ọ̀pá náà wà nínú koríko, orí rẹ̀ jó, ó là bí ìgbálẹ̀. Àrọ̀ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń mí.

Bàbá mi kò kú. Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, méjì tó kù kò ká mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ní ọsibítù, ó bi mí léèrè: "Ọma mi, ẹni tó tà á fún ọ, ṣé kò sọ nǹkan kan?"

"Kò sọ nǹkan kan, bàbá."

Ó mi orí. Ó ní kí n má bínú sí ọkùnrin náà, bóyá òun náà kò mọ̀. "Bí mo bá ti lè rìn, mú mi lọ bá a, kó má tún tà á fún ẹlòmíràn láìkìlọ̀ fún un."

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Bàbá ti ń rìn báyìí. Ilé mi ni yóò sùn lónìí, ó ti fi fìlà rẹ̀ lé orí àga, ó sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ṣì rántí ìsọ̀ ọkùnrin náà. Mo ní mo rántí. Ọ̀la ni a ń lọ.