Ìyá Tèrésà kó kòkó mi kúrò nínú òjò

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí n kò bẹ̀rù òjò ni òjò dé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ mí. Bí ìkùukùu bá ti yọ díẹ̀, mo ti ń kó kòkó tí mo sá wọlé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ láàárọ̀ yìí, mo fi kòkó sílẹ̀ lórí ẹní ní Ìjàn, mo wọkọ̀ lọ sí Adó.

Ibẹ̀ ni mo wà tí afẹ́fẹ́ tútù fi fẹ́, tí ojú ọ̀run ṣú. Ọkàn mi dàrú. Kòkó tó bá tutù máa bu, ta ló máa rà á?

Mo sáré délé. Kòkó ti wà nínú yàrá, ó gbẹ dáadáa. Ìyá Tèrésà, aládùúgbò mi, ló kó o.

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ ń kó kòkó wọlé, òjò kì í rọ̀. Bí ẹ ò ṣe kó o lónìí, mo ní òjò dé nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí iṣu tí òun náà sá sórí àpáta fún ẹ̀lùbọ́. Òjò ti pa gbogbo rẹ̀.

"Ọwọ́ méjì ni mo ní, Bàbá. Ti yín ló sún mọ́ mi."

Mo kó ogún iṣu fún un. Ó ní ó pọ̀ jù, èmi ń rò ó pé ó kéré. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá fún un?